Ọkùnrin Tó Tọrọ Àforíjì fún Ohun Tí Kò Ṣe

Ọkùnrin kan wà ní ìlú yìí tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ láti kékeré. Jókòó, Àwẹ̀ró. Fi lẹ́tà tó o mú wá sílẹ̀ sórí tábìlì níbẹ̀ yẹn. Mo ti kà á dé ìlà kẹta, ibẹ̀ ni mo sì dúró sí. O ní kí n bá ọ tún un ṣe, kí n sì ṣáájú àwọn tí yóò bá ọ lọ bẹ ìyá tó ni ilé ìwé yín lọ́jọ́ Ajé. Màá dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin yìí fún ọ. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa dá gbé e kiri.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ike ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ga ju èèyàn lọ, ariwo rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà lè dúró sí ẹnu ọ̀nà kó fi etí lásán mọ̀ pé nǹkan kan ti fẹ́ bàjẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí. Á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń da ike sínú ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbóná tó, àti bí wọ́n ṣe ń yọ àga jáde kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa wọ́. Kì í jágbe mọ́ wọn. Tí wọ́n bá ba nǹkan jẹ́, á ní kí wọ́n tún un ṣe.

Nígbà tí ipò alábòójútó ṣí sílẹ̀, ó kọ̀wé pé òun fẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, ọ̀kan lára àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Ó ní kò burú. Ipò náà tún ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíràn tó kọ́ níṣẹ́. Ó ní kò burú náà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ṣé wọ́n rò pé ẹsẹ̀ lo fi ń ronú ni?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

Ìgbà kẹta ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Wọn ò mú un lọ́tẹ̀ yìí náà, akọ̀wé máníjà sì dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà fún un. Akọ̀wé náà kò yẹ ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù náà wò kó tó fún un. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò. Máníjà ti fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: "Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fún un. Àwọn oníbàárà tó ń wá wo ilé iṣẹ́ wa kò gbọdọ̀ bá arọ níwájú. Kò bójú mu."

Kò bójú mu. O rí i bí ó ṣe jọ èyí tí wọ́n sọ fún ìwọ náà. Ọdún márùn-ún lo fi darí àwọn kíláàsì kéékèèké ní ilé ìwé yẹn, kò sí òbí tó fi ẹjọ́ rẹ sùn. Oyún rẹ yọ, ìyá tó ni ilé ìwé ní kò yẹ kí àwọn òbí máa rí aláboyún níwájú àwọn ọmọ lórí ìlà láàárọ̀. Ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ, ó dá ọ padà sídìí pátákó ìkọ̀wé. O béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n fún ọ ní kúèrì pé o gbó ọ̀gá rẹ lẹ́nu. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú bí mi, bí mo tilẹ̀ ti dàgbà kọjá ẹni tí inú ń bí kíákíá.

Ọkùnrin náà ká fọ́ọ̀mù yẹn, ó fi í sínú ọ̀rá kí òógùn má bàa bà á jẹ́, ó sì tì í bọ àpò àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ bá máníjà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀gá, mo rí ohun tí ẹ kọ nípa mi." Ó rò pé ojú yóò ti ọkùnrin yẹn. Ojú kò tì í. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un ní kúèrì pé ó jí ìwé ilé iṣẹ́, ó sì tún wá fi ìwọ̀sí lọ ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un láti fèsì. Wọ́n ní kó máa lọ jókòó sílé ná.

Ó pinnu láti wá lọ́yà. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń wá lọ́yà níbí. A ò ní béèrè pé ta ló mọ irú iṣẹ́ yìí. A ó béèrè pé ta la mọ̀. Ọkùnrin náà ronú, ó rántí lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú ìyá rẹ̀. Gbogbo ẹjọ́ ilẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀ láyìíká, ọ̀dọ̀ lọ́yà yìí ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó ní mọ́tò ńlá, ìwé sì kún ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ dókè. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, "Ọmọ ìyá mi ni wọ́n ń ṣe báyìí? Fi sílẹ̀ fún mi." Ọkùnrin náà fi ayọ̀ lọ sílé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà lọ. Nígbà kọ̀ọ̀kan, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀ tó rọ síwájú, á máa wo àwọn onílẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde. Tí lọ́yà bá yọjú, á ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ wà lọ́kàn mi o, àbúrò." Ọkùnrin náà á dúpẹ́, á sì máa lọ.

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni lọ́yà yẹn. Ilẹ̀ ló mọ̀. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ni, ì bá ti tẹ́ gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n kò mọ bí yóò ṣe wo ojú ọmọ ìlú ìyá rẹ̀ kó sọ pé òun ò ṣe irú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ rí. Ọkùnrin náà sì ní ìbéèrè kan lẹ́nu, gbogbo ìgbà tó lọ ló ń bá a lọ, gbogbo ìgbà tó bọ̀ ló ń bá a bọ̀. Ó fẹ́ béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí?" Kò béèrè. Lójú tirẹ̀, àrífín ni. Àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn, ọjọ́ sì ń lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀sẹ̀ méjì pé, obìnrin kan tó ń di àga pọ̀ ní ilé iṣẹ́ yẹn kó ife ìmumi àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá fún un nílé. Obìnrin náà bi í pé ta ló ń bá a rí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dárúkọ lọ́yà onílẹ̀. Obìnrin náà mi orí.

Ó ní, "Lọ́yà obìnrin kan wà lókè ilé oògùn tó wà níwájú ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan ló ń ṣe. Òun ló gba àbúrò mi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e nítorí pé ó ń ṣàìsàn. Kò ní mọ́tò ńlá o. Ẹ lọ bá a lọ́la. Ẹ má sì tíì kọ ohunkóhun fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi àbúrò mi nìyẹn, pé kí ló ti kọ."

Ọkùnrin náà ní òun á lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a lọ aṣọ tí yóò wọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn àgbà àdúgbò mẹ́ta wọlé. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn, Àwẹ̀ró. Kò sí ẹni tó wá fún ibi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "A gbọ́ pé o fẹ́ gbé ọ̀gá rẹ lọ sí kóòtù. Lẹ́yìn kóòtù ńkọ́? Ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí? Jẹ́ ká lọ bá ọ bẹ̀ wọ́n."

Ìyàwó rẹ̀ wà níbi tó ti ń gbé omi fún wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe tí ẹ fẹ́ bá a bẹ̀?"

Àgbà náà ní, "Ìyàwó, à ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Obìnrin náà gbé omi náà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì wọlé lọ. Mo ti ronú lórí ìbéèrè rẹ̀ yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Òun nìkan ló béèrè ohun tó mọ́gbọ́n wá nínú yàrá yẹn, òun náà ni a sì pa lẹ́nu mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹ́ta náà mọ ìwé kọ. Ó tọrọ bírò, ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Mo lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ. Ìlà kìíní ní, "Mo jẹ̀bi, mo sì fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ àforíjì." Ìlà kejì ní, "Iṣẹ́ èṣù ni bí mo ṣe mú ìwé tí kì í ṣe tèmi." Ìlà kẹta ní, "Mo mọ̀ pé irú èèyàn bíi tèmi kò yẹ ní irú ipò bẹ́ẹ̀, oore ńlá ni ẹ sì ń ṣe mí pé ẹ fi mí síṣẹ́." Àgbà náà ka ìlà kẹta yẹn sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mọ́ ọn. Ó ní kò sí ọ̀gá tí yóò ka èyí tí inú rẹ̀ kò ní yọ́.

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò mú ìwé. Akọ̀wé ló fún mi."

Wọ́n ní, "A mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. À ń fi tù wọ́n lójú ni."

Ó wo lẹ́tà náà. Ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ni yóò lé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ jáde nílé rẹ̀, tí wọ́n ti gbé ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn wá torí tirẹ̀? Ó ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé lẹ́tà náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní ìkòríta, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó mọ́ tónítóní, ọkùnrin náà sì buwọ́ lù ú lórí àga ibẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ti fẹ́ lọ bá lọ́yà obìnrin. Aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ ló wọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀.

Nínú ọ́fíìsì máníjà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi táìlì tẹ́ ni, ó tutù. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì á dọ̀bálẹ̀, á sì dìde. Ti ọkùnrin yìí gba àkókò. Ó kọ́kọ́ di àga mú, ó sọ eékún ọ̀tún kalẹ̀, ó wá fi ọwọ́ wọ́ èyí tó kù sẹ́yìn. Nígbà tó fẹ́ dìde, méjì nínú àwọn àgbà ló fà á lápá. Máníjà ń wò ó látorí àga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba lẹ́tà, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ní kí wọ́n gbé mọ́ọ̀tì tútù fún àwọn bàbá. Ó sì fi lẹ́tà náà sínú fáìlì.

Inú àwọn àgbà dùn nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ń sọ fún ara wọn lọ́nà pé ẹ wò ó, láìsí lọ́yà, láìsí adájọ́. Ọkùnrin náà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn dá a dúró gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe jẹ́wọ́.

Ìgbà yẹn ló tó gun àtẹ̀gùn ilé oògùn. Àtẹ̀gùn náà ga, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dókè. Lọ́yà obìnrin náà kéré lọ́jọ́ orí sí i, ó sì dìde fà á lága. Kò lu tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kó fi sílẹ̀ fún òun. Ó ní, "Bàbá, ẹ kó gbogbo ìwé yín síbí." Ó bi í pé ọjọ́ wo ni èyí ṣẹlẹ̀, ta ló wà níbẹ̀, ta ló gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yí fọ́ọ̀mù padà tó rí ohun tí wọ́n fi bírò pupa kọ, ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́! Ẹ ṣeun tí ẹ pa á mọ́. Èyí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa." Ọkùnrin náà ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkàn òun balẹ̀ láti oṣù kan.

Lẹ́yìn náà ló kan lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Lọ́yà kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí?"

Ó ní, "Èmi ni."

"Ṣé ẹ jí ìwé ni, bàbá?"

"Rárá o. Akọ̀wé ló fún mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi kọ ọ́ pé ẹ mú un?"

Ọkùnrin náà ní, "Àwọn àgbà ní ká fi tù wọ́n lójú ni."

Lọ́yà náà tẹ́ lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́. Ó ní, "Ká ní ẹ wá lọ́jọ́ tí wọ́n fún yín ní kúèrì, èmi ni ǹ bá bá yín kọ èsì. Ẹ̀ bá sọ òtítọ́, kó sì parí síbẹ̀. Ní báyìí, ìwé méjì ló wà nílẹ̀. Tiwọn ń gbèjà yín, tiyín ń gbèjà wọn." Síbẹ̀ ó gba ẹjọ́ náà. Ó ní òun ò ní parọ́ fún un pé ó máa rọrùn.

Ó ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó parí ẹjọ́ náà. Akọ̀wé máníjà wá sí kóòtù, ó ní òun ò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé, ẹ̀rù iṣẹ́ tirẹ̀ ń bà á. Lọ́yà ilé iṣẹ́ wá gbé lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ jáde, ó ní kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ kà á fún kóòtù. Ó di igi tó wà níwájú rẹ̀ mú. Ó ka ìlà kìíní. Ó ka ìlà kejì. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, adájọ́ sì ní kó jọ̀ọ́ kó sọ̀rọ̀ sókè. Ó tún un kà, sókè. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń di àga pọ̀ wà níbẹ̀. Èmi náà wà lórí bẹ́ǹṣì kejì, mo sì ń mọ ọ̀rọ̀ tó kàn kó tó kà á.

Bẹ́ẹ̀ ni, Àwẹ̀ró. Èmi ni mo kọ ọ́.

Èmi ni mo tọrọ bírò. Èmi ni mo ka ìlà kẹta lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, mo sì máa ń gbéraga pé kò sí ẹni tó lè kọ lẹ́tà tó ń yọ́ ọkàn bíi tèmi. Mo mọ bí a ṣe ń kọ̀wé. Mi ò mọ ohun tí ìwé máa ń ṣe tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Èmi náà dà bíi lọ́yà onílẹ̀ yẹn. Wọ́n gbé iṣẹ́ tí mi ò mọ̀ wá bá mi, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Adájọ́ ní ohun tí máníjà kọ burú, ó sì tini lójú. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò rí bí òun ṣe lè gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó da ẹjọ́ náà nù. Lọ́yà obìnrin náà kó ìwé rẹ̀ pọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó mú ọkùnrin náà lọ́wọ́ títí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kóòtù.

Ọkùnrin náà ń tún fáànù ṣe báyìí, lẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ agbòòrùn tó ti gbó. O ti kọjá níwájú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ṣì ń fi etí mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Tí mo bá ń kọjá, á di àga rẹ̀ mú, á sọ eékún ọ̀tún kalẹ̀, á fi ọwọ́ wọ́ èyí tó kù sẹ́yìn, á dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Bàbá mi ni yín, ẹ gbìyànjú fún mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dun mí jù. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, nítorí kó má bàa dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

Mo ti rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi ìgbà tó o gbé lẹ́tà tìrẹ fún mi láàárọ̀ yìí.

Mo bi ọ́ pé ta ló kọ ọ́, o ní ọmọbìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní ìkòríta ni. O ní ó ti ní èyí tó dára nílẹ̀, orúkọ nìkan ló máa ń yí padà. Gbé e, kà á. Ìlà kẹta. "Mo mọ̀ pé irú èèyàn bíi tèmi kò yẹ ní irú ipò bẹ́ẹ̀." Ọmọbìnrin yẹn ló tẹ tèmi nígbà yẹn; ó rò pé lẹ́tà tó dùn báyìí kò yẹ kó ṣòfò, ló bá pa á mọ́. Mi ò mọ iye èèyàn tó ti buwọ́ lù ú látìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níbẹ̀.

Wàyí o, èsì mi nìyí. Mi ò ní bá ọ lọ bẹ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Ajé. O ò ṣe ohun tí a fi ń bẹ̀bẹ̀. Oyún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tó o béèrè kì í ṣe ìwọ̀sí. Tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ bá ní kí o fi tu ìyá yẹn lójú, sọ fún wọn pé èmi ni mo ní o ò gbọdọ̀ ṣe é, kí wọ́n wá bá mi jà.

Èmi kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà mi ò ní sọ ohun tí òfin wí fún ọ. Mo ti sọ ohun tí mi ò mọ̀ tó. Ṣùgbọ́n lọ́yà obìnrin yẹn ṣì wà lókè ilé oògùn. Kúèrì rẹ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, o ò sì tíì fèsì. O wà níbi tí ọkùnrin náà wà ní ọjọ́ tí wọ́n kó ife rẹ̀ wá fún un. Gbé kúèrì yẹn lọ, àti ìwé tí wọ́n fi gba ipò lọ́wọ́ rẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá yẹn sọ̀rọ̀ aláboyún, kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó o tó gbàgbé ọjọ́ tó jẹ́. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ lọ́yà náà, kó o tó jókòó, bi í pé ṣé ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Kò ní bínú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Tó bá sì bínú, dìde kó o wá ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ.

Màá sìn ọ́ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà lọ́la. Ojú títì nìyẹn fún mi, nítorí obìnrin yẹn mọ̀ mí, ṣùgbọ́n màá lọ.

Dìde, ìyá ọmọ, rọra máa lọ sílé. Mú báàgì rẹ. Lẹ́tà yẹn, má mú un lọ. Fi sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Èmi ni mo ni ín.